Omi Ló Ń Tán Lẹ́yìn Ẹja: Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀ Fífà láti Michigan dé Ẹlẹ́yẹlé

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa kà á nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọjà'ba, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Bẹẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ará Bẹyẹrúnkà àti ẹ̀yin ará òkè Mápó, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọdá sí òkè òkun, ẹ kú òtútù.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹja ni. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó ń gbé ní Chicago ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ kóòtù tó nípọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja kan tó gùn tó apá rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé: "Ẹ̀gbọ́n, omi wà ní Ẹlẹ́yẹlé, omi wà ní Aṣéjìrẹ́. Kí ló dé tí a kì í ṣe irú èyí nílé?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀, nítorí ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Ìyá mi ń ta ẹja ní Ọjà'ba kí wọ́n tó bí mi. Owó ẹja ló san owó ilé ìwé mi, òórùn ẹja ló wà lára aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n mí. Mo ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó dáhùn. Ohun tí mo bá bọ̀ nìyí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀ fífà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú fídíò yẹn. Àwa mọ àwọ̀n. A mọ ìgèrè, tí wọ́n máa ń rì sínú omi kí ẹja lè wọlé kó má ríbi jáde. A mọ ìwọ̀ pẹ̀lú, tí èèyàn á fi ekòló há lẹ́nu, á jókòó sí bèbè odò, á sì máa retí. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, apẹja ló dúró, ẹja ló ń bọ̀ wá bá a.

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Chicago yàtọ̀. Ọkọ̀ ló ń rìn, ìwọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á ju okùn mélòó kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa lọ díẹ̀díẹ̀, kò ní yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ yẹn o. Irin pẹlẹbẹ kan tó ń dán bí ojú ṣíbí ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ ti ń fà á, irin náà á máa yí, á máa kọ mọ̀nà. Lójú ẹja ńlá, ẹja kékeré kan tó ṣèṣe tó sì ń sá lọ ló jọ. Ẹja ńlá á sáré tẹ̀ lé e, á bù ú jẹ, ó di pé ọ̀pá ìwọ̀ tẹ̀ kọ́dọ́rọ́.

Iṣẹ́ ọpọlọ ló wà níbẹ̀. Omi adágún kì í gbóná dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wà lókè, èyí tó tutù á wà nísàlẹ̀. Salmon fẹ́ràn omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 10 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, á lọ sí ìsàlẹ̀. Kí ìwọ̀ lè bá a níbẹ̀, wọ́n á so bọ́ọ̀lù òjé kan tó wúwo tó kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ wáyà, wọ́n á fi okùn ìwọ̀ há a lára, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀rọ kan tó ní ojú bíi ti fóònù ló ń fi han wọ́n ibi tí ẹja wà. Tí ẹja bá ti gbá ìwọ̀ mú, okùn á já kúrò lára òjé, ìjàkadì á bẹ̀rẹ̀.

Ẹja méjì ni wọ́n ń lé jù: salmon àti trout. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, ẹja apẹran ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí irin tó ń dán fi lè tàn wọ́n.

Ẹja tí ìjọba gbìn

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ẹja salmon tó wà nínú fídíò yẹn kì í ṣe ọmọ omi náà. Èèyàn ló gbé e wá.

Lake Michigan ni omi tó wà lẹ́nu Chicago. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 58,000 kìlómítà níbùú lóòró. Tí ẹ bá gbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á. Ẹja trout kan wà níbẹ̀ láti ayébáyé, òun ni ọba omi náà. Àwọn apẹja ń kó o, wọ́n ń tà á, ayé ń lọ.

Àwọn òyìnbó wá gbẹ́ ọ̀nà omi kan, Welland Canal, kí ọkọ̀ òkun lè gba ibẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ omi tó ń já láti òkè ní Niagara kọjá. Ẹ̀dá kan rí ọ̀nà yẹn lò. Ó gùn bí ejò, kò ní àgbọ̀n, ẹnu rẹ̀ rí róbótó, eyín kún inú ẹnu náà. Sea lamprey ni wọ́n ń pè é. Á lẹ̀ mọ́ ara ẹja ńlá, á dá a lárá lu, á máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1936, wọ́n rí i nínú Lake Michigan. Apẹja ń kó trout jù, lamprey ń mu ẹ̀jẹ̀ èyí tó kù. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1950, trout ti tán nínú omi náà.

Ọba kú, ààfin ṣófo. Ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ alewife, tó jẹ́ ìbátan ṣáwá tiwa, wọlé láti òkun. Kò sí ẹja ńlá tó máa jẹ ẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1967, wọ́n kú lọ súà. Òkú ẹja dì mọ́ etí omi, òórùn gba ìlú. Kátakátá ni wọ́n fi ń wa òkú ẹja kúrò ní bèbè. Ẹ fojú inú wo Ògùnpa ní ọjọ́ tí òórùn rẹ̀ bá le, kẹ́ ẹ wá fi ẹja tó ti rà sí i.

Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan ti gbé ìgbésẹ̀. Howard Tanner ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí iṣẹ́ ẹja fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Michigan. Ó gba ẹyin salmon láti Oregon, ní apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa á, wọ́n tọ́ ọmọ ẹja náà, wọ́n sì dà wọ́n sínú odò tó ń ṣàn wọ Lake Michigan ní 1966. Èrò rẹ̀ ni pé oúnjẹ pọ̀ nínú omi náà, olùjẹ ni kò sí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Salmon jẹ alewife, wọ́n sanra kíákíá. Ní ọdún kejì, èèyàn tú jáde pẹ̀lú ọkọ̀ kéékèèké. Wọ́n pọ̀ débi pé nígbà tí ìjì jà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, àwọn kan bá omi lọ nítorí ọkọ̀ wọn kéré, wọn kò sì tètè padà sí èbúté.

Láti ìgbà yẹn ni ìwọ̀ fífà ti di òwò ńlá níbẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì, ẹlẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń ta ìwọ̀, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àlejò. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni èyí. Ọdọọdún ni ìjọba ń tọ́ ọmọ ẹja tí wọ́n sì ń dà á sínú omi. Ọdọọdún ni wọ́n ń ka ẹja kékeré tó wà nílẹ̀, kí wọ́n tó pinnu iye ẹja ńlá tí wọ́n máa fi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, owó ìwé náà sì ń padà sínú iṣẹ́ ẹja. Iye tí èèyàn lè mú lójúmọ́ ní òǹkà. Oògùn tí wọ́n fi ń pa ọmọ lamprey nínú odò, láti 1958 ni wọ́n ti ń lò ó, wọn kò tíì ṣíwọ́ títí dòní, nítorí ọdún tí wọ́n bá ṣíwọ́ ni lamprey máa padà.

Wọ́n ti rí ìjìyà náà pẹ̀lú. Nínú Lake Huron, tó múlé gbe Michigan, alewife run ní 2003 sí 2004. Salmon tí kò rí oúnjẹ jẹ mọ́ náà run tẹ̀ lé e. Àwọn abúlé etí omi tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọn apẹja àlejò rí i lápò ara wọn.

Ní kúkúrú, oko ni wọ́n fi omi náà ṣe. Wọ́n ń gbìn, wọ́n ń ro, wọ́n ń kórè ní ìwọ̀n.

Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣéjìrẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí.

Omi ńlá méjì ló sún mọ́ wa ní Ìbàdàn, èèyàn ló sì ṣe méjèèjì. Ẹlẹ́yẹlé ni àkọ́kọ́. Ní 1942, ní ayé àwọn òyìnbó, wọ́n sé odò Ọ̀nà kí omi ẹ̀rọ lè dé ìgboro. Ṣáájú ìgbà náà, kànga àti odò bíi Kúdẹtì àti Ògùnpa ni àwọn ìyá wa àgbà ń pọn. Nígbà tí Ìbàdàn wá fẹ̀ tí Ẹlẹ́yẹlé kò tó mọ́, wọ́n sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrẹ́, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Kò sí ẹni tó sé omi méjèèjì yìí nítorí ẹja. Nítorí omi mímu ni. Ẹja tó wà nínú odò ló wá rí ibi tó fẹ̀, ó sì ń bí sí i. Epìyà pọ̀ níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀bọ̀kún náà wà. Àwọn apẹja tẹ̀ lé ẹja. Ọkọ̀ pákó, àjẹ̀, àwọ̀n, ìgèrè, okùn gígùn tó ní ìwọ̀ púpọ̀ lára, ohun èlò wọn nìyẹn títí di òní.

Ìyá mi mọ ẹja Aṣéjìrẹ́ nígbà tó ń fà fún ìdùnnú ọjà. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ òwò, àwọn alájàpá máa ń gbé àrọ̀ yíyan wọ Ọjà'ba ní àárọ̀ kùtù, tí wọ́n ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tán. Ẹ wá lọ sí Ọjà'ba lónìí. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ ni títùs, kòtẹ́, ṣáwá àti pánlá, tó ti òkè òkun wá nínú yìnyín. Àwọn àgbà Ìbàdàn ń pè é ní òkú Èkó, nítorí Èkó ni ọkọ̀ òkun ti ń já a sílẹ̀, ó sì ti kú tipẹ́ kó tó rí wa. Àrọ̀ tó bá wà níbẹ̀, ẹja inú kòtò sìmẹ́ǹtì ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n fi oúnjẹ àpò bọ́.

N kò bú ẹja yìnyín o. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ dàgbà. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Tí dọ́là bá gun òkè, kòtẹ́ náà á gun òkè, ìyá mi á dúró sídìí àtẹ, àwọn oníbàárà á máa bi í léèrè iye, wọ́n á sì máa kọjá lọ. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣéjìrẹ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán fún mi.

Òwúrọ̀ tí a fa ìwọ̀

Mo ní kí n dán an wò. Mo bá bàbá apẹja kan sọ̀rọ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá náà, ó ti pẹ́ lórí omi. Mo kí i, mo fi fídíò ará Chicago hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí, ó ní kí n tún un gbé sí i. Ó wá rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹja tí ò ń lé yìí, ṣé ó ń jẹ ẹja?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Epìyà ò jẹ irin. Ewé àti ìdọ̀tí inú omi ni epìyà ń jẹ. Àrọ̀ ń jẹ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ló ń gbé, imú ló fi ń wá oúnjẹ. Ta lo fẹ́ fi irin tó ń dán tàn?"

Ṣùgbọ́n ó gbà kí a lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wa ọkọ̀. A ju okùn méjì sílẹ̀ lẹ́yìn, a fi irin ṣíbí tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí i. Ọmọ náà ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí okùn fi le. Inú mi dùn! Mo fà á, mo fà á. Koríko ni. Koríko omi tó ń léfòó, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, gbòǹgbò rẹ̀ gùn bí irùngbọ̀n arúgbó. A tú u, a tún jù ú. Koríko. Lẹ́ẹ̀kẹta, náílọ́ọ̀nù dúdú kan tí omi kún inú rẹ̀ ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé kò sí ẹja apẹran nínú omi wa. Ẹja kan wà tó ní ẹnu gígùn tó kún fún eyín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus, ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ, ó sì lè lé irin. Nínú odò Ọya àti adágún Kainji, tó fẹ̀ tó 1,270 kìlómítà níbùú lóòró, ẹja ńlá kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní gìwán ruwa, ìyẹn erin omi. Irú ẹja yìí gan-an ni àwọn àlejò máa ń fa ìwọ̀ lé ní Lake Nasser ní ilẹ̀ Íjíbítì. Nítorí náà, ìwọ̀ fífà ní ibi tó ti lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹlẹ́yẹlé ní ipò tó wà lónìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Mo bi bàbá náà léèrè bóyá ká gbé salmon wá síbí. Ẹ̀yin náà ti ń rò ó, mo mọ̀ yín. Ìdáhùn kò le: omi wa gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí salmon fẹ́. Yóò kú. Tí a bá sì ní ká gbé ẹja apẹran mìíràn tó lè gbé ibí wá ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Lake Victoria. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n da gìwán ruwa kan náà yìí sínú omi wọn. Ó di ẹja títà sí òkè òkun lóòótọ́, owó wọlé. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé ló bá a lọ. Ẹja kò ṣeé gbìn láìka ohun tó wà nínú omi tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń tán

Nígbà tí a dé èbúté, bàbá náà fi ọwọ́ tọ́ka sí apá Apẹ̀tẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo ti ń na àwọ̀n nìyẹn nígbà tí mo dé ibí. Wò ó báyìí." Ilé ni mo rí, àti koríko, àti ilẹ̀ pupa tí àgbàrá kó wá. Ó ní òun ò lọ sí oko ẹnikẹ́ni, oko ẹlòmíràn ló wá bá òun nínú omi.

Àwọn àgbà ní omi ló tán lẹ́yìn ẹja tó sọ ẹja di èrò ìṣasùn. A máa ń pa òwe yẹn fún ẹni tí alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò sí mọ́. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ó ti di ọ̀rọ̀ gidi.

Nígbà tí wọ́n ṣe Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n fi igbó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ igbó yẹn ni láti di ilẹ̀ mú, kí òjò má baà gbá yẹ̀pẹ̀ lọ sínú omi. Wọ́n gé igi, wọ́n kọ́lé. Òjò ń gbá yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ń jókòó sí ìsàlẹ̀, omi ń dín kù lórí rẹ̀. Ìdọ̀tí ilé ń wọlé, ìdọ̀tí yẹn ló ń bọ́ koríko. Koríko bo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ inú omi dín kù, ẹja kò rí èémí mí. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há bíi ti àwọ̀n ẹ̀fọn ń kó ọmọ rẹ̀ kó tó bímọ. Ọ̀pọ̀ ibi ní orílẹ̀-èdè yìí sì ni àwọn kan ti ń da Gamalin sómi, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò kòkó, kí ẹja lè kú léfòó. Ẹja yẹn ni wọ́n ń tà fún ọmọ èèyàn.

Omi tí a kò bá sì fi àyè gbà á, á fúnra rẹ̀ wá àyè. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa kún wọ ilé. Àwa náà rí ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi kún Ẹlẹ́yẹlé, afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ̀mí ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìlú yìí. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba yá owó lọ́wọ́ World Bank, wọ́n sì tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n tún ṣe. Ògiri kì í ro oko.

Ẹni kan lè sọ pé, Ẹ̀gbọ́n, ìyà ẹja nìyẹn, kí ló kàn mí? Ó kàn ọ́. Omi yìí kan náà ni wọ́n ń fa lọ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ omi. Bí ó bá ṣe dọ̀tí tó ni owó oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Ní Michigan tí mo ń yìn yìí, ilé iṣẹ́ ti da oògùn sómi sẹ́yìn débi pé títí dòní, ìjọba ń sọ fún àwọn aráàlú iye ìgbà tí wọ́n lè jẹ ẹja kan lóṣù, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Èyí tó wọ inú ẹrẹ̀, ó ń wọ ara ẹja kékeré, ẹja ńlá ń jẹ ẹ́, èèyàn ń jẹ ẹja ńlá. Owó kò tíì ra ọ̀nà àbáyọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa má dé ibẹ̀.

Kí la lè ṣe?

N kò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ ra ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gbọ́ èyí tó wà ní ìkáwọ́ wa.

Èkíní, ẹ mọ ibi tí gọ́tà yín ń lọ. Gọ́tà Bẹẹrẹ àti ti Ọjà'ba kì í dé Ẹlẹ́yẹlé, Ògùnpa àti Kúdẹtì ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó kúrò nílé bàbá yín lọ sí Apẹ̀tẹ̀, sí Àwọ̀tán, sí Ìjokòdó, inú omi mímu wa ni gọ́tà yín ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti wọ́n níwọ̀n. Náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà òjò ni ìwọ̀ mi gbé wá.

Èkejì, kí ẹ tó ra ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ omi, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń mójú tó ilẹ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà nínú igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi. Ilẹ̀ tó pọ́ọ́kú níbẹ̀, owó ìkún omi ló fi kún un tí wọn kò sọ fún ẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi ẹlẹ́ja yín léèrè ibi tí ẹja ti wá. Kì í ṣe láti fi bá a jà o. Ẹ ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà. Ẹja odò ni àbí ti kòtò?" Tí oníbàárà bá ń béèrè, ọlọ́jà náà á máa béèrè lọ́wọ́ alájàpá, alájàpá á béèrè lọ́wọ́ apẹja. Ìyá mi sọ pé ojú ẹja tí wọ́n fi oògùn pa yàtọ̀, ẹni tó bá mọ ẹja á mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí irú ìmọ̀ yẹn ní owó lórí.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó tóbi jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nípa omi àti ẹja gbọ́. Ìlú yìí kò ṣaláìní onímọ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì ti kọ̀wé lórí Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣéjìrẹ́ ní àìmọye ìgbà. Apẹja wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ omi náà bí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ohun tí kò sí ni ìjókòó kan tí àwọn méjèèjì ti máa pàdé pẹ̀lú ìjọba: iye àwọ̀n tó gbọ́dọ̀ wà lórí omi, bí ojú àwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, oṣù tí ẹja ń yé ẹyin tí ó yẹ kí a fi í sílẹ̀, ẹni tó máa kó koríko àti ibi tí owó rẹ̀ máa ti wá. Howard Tanner kì í ṣe oṣó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tó ka ohun tó wà nínú omi kó tó ṣe ohunkóhun. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkà.

Àbúrò mi tó wà ní Chicago, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ̀ ló wọ́n wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó yí ọ ká ti ń tọ́jú omi náà, ìdí nìyẹn tí o fi rí ẹja gbé lọ́wọ́. Tí o bá fẹ́ ran ilé lọ́wọ́, má fi irin ṣíbí ránṣẹ́ sí mi mọ́, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti tó! Bá mi wádìí bí àwọn ẹgbẹ́ apẹja ibẹ̀ ṣe ń bá ìjọba wọn jókòó, bí wọ́n ṣe ń pín owó ìwé àṣẹ, kí n lè bá bàbá ọmọ Ìlàjẹ yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti ní kí n padà wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà tó pẹja rí nílé, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹja tí wọn kò rí mọ́, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A máa gbé e síta ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí síwájú sí ẹgbẹ́ WhatsApp ilé yín, pàápàá èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń ra ilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o. Kí omi má tán lẹ́yìn wa.